Èmi Ni Mo Ní Kí Bàbá Má Jẹ Iṣu Mọ́

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìnira, ẹ kú ọjọ́ gbọọrọ tí a ti rí ara wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Orúnkún mi méjèèjì kan ilẹ̀ ní tòótọ́ kí n tó jókòó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ní Àpòmù, tí wọ́n gbà yín sílé nígbà tí ilé ọkọ lé yín jáde. Mo kí Bàbá Àgbà Lásísì, ẹ̀gbọ́n Bàbá wa, ní Ìkirè. Mo kí Sìdíkátù àbúrò mi, tó ń ṣe tíṣà ní Ìkòyí lẹ́bàá Àpòmù, tó máa ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Sìdí, má fo ibì kankan o. Ibi tó bá ṣòro fún ọ láti kà, ibẹ̀ gan-an ni kí o gbé ohùn sókè.

Ẹ máa bi ara yín pé kí ló dé tí lẹ́tà ọmọ sí ìyá rẹ̀ fi wà nínú ìwé ìròyìn tí gbogbo ayé ń kà. Ìyá mi, gbangba ni wọ́n ti fẹ̀sùn kàn yín. Lọ́jọ́ fìdáù ogójì Bàbá, lójú ẹbí, lójú ará, ni wọ́n ti sọ pé ebi lẹ fi pa ọkọ yín. Ẹni tí wọ́n bá já aṣọ lára rẹ̀ ní gbangba, a kì í fi aṣọ bò ó ní kọ̀rọ̀.

Ní ti èmi, mo wà láàyè, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Oòrùn ibí dà bí àlejò tí kò fẹ́ jẹun: á yọjú, á ní òun ń lọ. Ibi ìfọṣọ ọsibítù tí mo wà tẹ́lẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ọdún keje rèé. Aṣọ ibùsùn aláìsàn là ń fọ̀. Ooru ẹ̀rọ á máa jó wa lójú, tí a bá sì jáde, òtútù á gbá wa létí. Wọn ò lè pe Múínátù, Tíná ni wọ́n ń pè mí. Ó máa ń pẹ́ kí n tó gbọ́ orúkọ mi, àfi tí lẹ́tà Sìdíkátù bá dé tí mo bá kà á sókè fún ara mi nínú yàrá. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò pọ̀, mo mọ̀. Mi ò ní í fi owó bo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí.

Ohun kan wà tí mo fi pa mọ́ fún yín. Láti ọdún tó kọjá ni òùngbẹ ti ń gbẹ mí. Màá mu omi, màá lọ tọ̀ ọ́, màá tún padà wá mu òmíràn. Ojú mi ń ṣú, ara mi ń fọ́. Mo mọ ohun tó jẹ́, nítorí bí Sìdíkátù ṣe kọ̀wé sí mi pé ó bẹ̀rẹ̀ lára Bàbá gan-an nìyẹn. Síbẹ̀ mo dákẹ́, bí ẹni tó rí ejò lábẹ́ ẹní tó tún ẹní náà tẹ́. Ìgbà tí mo ṣubú lé òkìtì aṣọ lórí níbi iṣẹ́ ni wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní àtọ̀gbẹ ni. Ó fún mi ní oògùn oníhóró, ó sì ní kí n máa lọ sí kíláàsì kan ní ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn alátọ̀gbẹ bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú ara wọn nílé. Ẹ má sunkún o. Ara mi ti ń balẹ̀. Kì í ṣe nítorí àìsàn mi ni mo ṣe ń kọ̀wé.

Àwa mẹ́sàn-án la wà ní kíláàsì náà. Wọ́n to àga yí yàrá kékeré kan po, wọ́n gbé tíì tí kò ní ṣúgà sórí tábìlì. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀ ló ń darí wa. Ọmọbìnrin kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìkan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn pín ìwé aláwòrán fún wa. Ó ní ọ̀rá ni ọ̀tá wa, pé kí a fi búrẹ́dì tàbí ànàmọ́ òyìnbó ṣe ìpìlẹ̀ oúnjẹ wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Mo ṣí ìwé náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mi ò rí iṣu. Mi ò rí èlùbọ́, mi ò rí ẹ̀kọ, mi ò rí ẹ̀wà wa, mi ò rí epo pupa.

Mo nawọ́ sókè, mo bi í pé iṣu ńkọ́. Ó ní kí n júwe rẹ̀. Mo júwe júwe. Ó ní kí n kà á sí ànàmọ́. Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n rà ńkọ́, èyí tí a ń fi ata àti iyọ̀ gún, tí a ń fi epo dín. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí n kà á sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ìyá mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rántí agbada yín lẹ́bàá títì, àti dòdò yín tó dúdú lẹ́yìn tó pupa nínú, tí àwọn onímọ́tò máa ń dúró rà kí wọ́n tó kọrí sí Ifẹ̀. Dòdò yẹn lẹ fi rán èmi àti Sìdíkátù nílé ìwé. Ẹni tó bá ní kí n ka dòdò Ìkirè sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, kò tíì rìn dé ọ̀dọ̀ wa.

Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ kékeré kan tí a fi ń wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. A ó gún ìka, a ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà tín-ínrín, ẹ̀rọ á sì sọ iye tó jẹ́. Mo jẹ búrẹ́dì àti ànàmọ́ bí ìwé ṣe wí, iye náà gòkè bí ẹni gun ọ̀pẹ. Mo wá se ẹ̀wà, mo fi epo díẹ̀ àti ẹ̀fọ́ sí i, mo bu ègé iṣu kan tì í. Kò gòkè tó bẹ́ẹ̀. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀kan náà ni. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mo gbé e lọ sí kíláàsì bí ẹni tó ń gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù.

Ọmọbìnrin náà kò kọ́kọ́ gbà. Ó ní àwọn ọ̀mọ̀wé ló kọ ìwé òun. Nọ́ọ̀sì àgbà gba ìwé mi lọ́wọ́ mi, ó kà á fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń bá mi sọ̀rọ̀, pé kí n máa gbọ́ ọ. Ó ní ẹni tó kọ ìwé oúnjẹ yẹn kò mọ̀ mí, kò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kò mọ oògùn tí mò ń lò. Ó wá kọjú sí gbogbo wa, ó ní ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ mú ìwé oúnjẹ ẹnì kan fún ẹlòmíràn, pé ohun tó ṣe Lágbájá lóore lè pa Tàmẹ̀dò.

Inú mi ń dùn, mo rò pé mo ti borí. Ibẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà kan ti dá sí i, ará Jamáíkà, tó wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ kan òun lo oògùn òun, ìyàwó òun kò sí nílé, òun ń kánjú, òun ò jẹ nǹkan kan, òun jáde. Kò pẹ́, òógùn bo òun nínú òtútù. Ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Òun ń kọsẹ̀. Òun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, òun ń pe àwọn tó ti kú. Àwọn tó ń kọjá ń yà fún òun, wọ́n ń sọ pé bàbá yìí ti mutí yó láàárọ̀ kùtùkùtù. Ó ní òun kì í fi ọtí kan ẹnu, òun jẹ́ àgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní obìnrin kan tí òun ò mọ̀ rí ló fi súìtì sí òun lẹ́nu, bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ì bá ti kú.

Nọ́ọ̀sì ní bí oògùn yẹn ṣe rí nìyẹn. Ó ń lé ṣúgà wálẹ̀, kò bìkítà bóyá èèyàn jẹun tàbí kò jẹun. Tí inú bá ṣófo, á lé e wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ jẹun sí i, pàápàá àgbàlagbà tí kò lẹ́ran lára, tó ń fi agbára ṣiṣẹ́.

Ìyá mi, ọ̀rọ̀ Bàbá ló ń sọ yẹn. Mo dìde, mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí kí gbogbo ẹni tó wà nílé gbọ́. Nígbà tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ ń ṣe Bàbá, tí wọ́n fún wọn ní oògùn oníhóró, inú mi kò balẹ̀ níbí. Mo ń wá ohun tí mo máa ṣe. Lọ́jọ́ kan tí mo gbé aṣọ lọ sí wọ́ọ̀dù, mo rí ìwé kan lára ògiri ilé ìdáná wọn: ohun tí alátọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ jẹ àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Mo dà á kọ. Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ta ni wọ́n kọ ọ́ fún. Inú kíláàsì yìí ni mo ti wá mọ̀ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn tó sanra jù tí wọn kò sì lo oògùn rárá ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Mo sọ ọ́ di Yorùbá, mo fi tèmi kún un, mo fi ránṣẹ́ sí yín. Mo ní kí Bàbá má fi iṣu kan ẹnu mọ́. Mo ní wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀kọ, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ̀bà, wọn kò gbọ́dọ̀ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n tàbí dúdú. Mo ní tíì tí kò ní ṣúgà láàárọ̀ ti tó, kí wọ́n jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja nírọ̀lẹ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fún Bàbá ní iṣu, ikú ló ń fún wọn.

Ẹ bá mi jiyàn, Ìyá mi. Èyí ni mi ò lè gbàgbé. Ẹ ní kí Sìdíkátù kọ̀wé sí mi pé Bàbá ń gbẹ. Ẹ ní ẹni tó ń gbé àdá kò lè fi ewé nìkan sínú. Ẹ ní ẹ ti rí i pé ara wọn máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá lo oògùn láìjẹ nǹkan, pé ṣé kí ẹ má kúkú fún wọn ní ègé iṣu sísun kan kí wọ́n tó lò ó. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi ní kíláàsì, ẹ ti sọ ọ́ fún mi láti Ìkirè, láìsí ẹ̀rọ, láìsí ìwé, ojú lẹ fi rí i.

Kí ni mo fi dá yín lóhùn? Sìdí, kà á sókè. Mo ní ẹ ò mọ̀wé. Mo ní kí ẹ má bá ìmọ̀ dókítà jiyàn. Ẹni tó ń fọ aṣọ ni mí, Ìyá mi. Mi ò ní ìmọ̀ dókítà kankan. Mo kàn ń wọ aṣọ funfun nínú ọsibítù ni, ẹ̀yin sì gbà mí gbọ́ nítorí pé ọmọ yín ni mí, nítorí pé ìlú òyìnbó ni mo wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, Bàbá kí Àsùbáà, wọ́n fi tíì gbé oògùn mì, wọ́n mú àdá, wọ́n lọ sí oko kòkó wọn lọ́nà Wásinmi. Sìdíkátù kọ ọ́ sí mi bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn tí oko wọn jọ pààlà rí wọn tí wọ́n dì mọ́ igi, tí òógùn ń ṣàn lára wọn bí òjò, tí wọ́n ń pe ìyá wọn tó ti kú, tí wọ́n ń sọ ohun tí kò lórí tí kò nídìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní a ò mọ̀ pé Àlàáji ń yọ́ ẹmu mu. Wọ́n tẹ́ wọn sábẹ́ igi kí ọtí lè dá lójú wọn. Ìgbà tí wọ́n fi padà dé lọ́sàn-án, Bàbá ò dáhùn mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n lò ní ọsibítù. Wọn ò la ojú títí tí ẹ̀mí fi bọ́.

Bàbá mi, tí wọn kò fẹnu kan ẹmu rí láyé wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ sí yín lẹ́yìn ikú wọn, ṣé ẹ rántí? Mi ò kọ ẹ kú ọ̀fọ̀, mi ò kọ ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Mo bi yín pé ṣé kì í ṣe pé ẹ ń yọ́ fún wọn ní dòdò lẹ́yìn mi. Gbólóhùn kan lẹ fi dáhùn: pé gbogbo ohun tí mo ní kí ẹ ṣe, ẹ ṣe é.

Nígbà tí ó di fìdáù ogójì, Bàbá Àgbà Lásísì dìde láàárín ẹbí. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló rí i pé ilé àbúrò àwọn ń dáná ṣùgbọ́n àbúrò àwọn ń rù. Wọ́n ní obìnrin tó ń dín dòdò fún ará ọ̀nà jẹ kò rí iṣu fún ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé yín ní Àpòmù, opó yín kò sì tíì pé. Sìdíkátù sọ fún mi pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀, òun fẹ́ mú lẹ́tà mi jáde, ẹ dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ ní ìlú onílùú ni mo wà, kí ẹ̀yin náà má tún ba orúkọ mi jẹ́ nílé. Ẹ di ẹrù yín, ẹ gbé agbada yín lérí, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé Àpòmù.

Ọdún kejì rèé. Gbogbo ìgbà yẹn mo mọ̀ pé ẹ̀sùn náà kì í ṣe tiyín, mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí ẹ má fún wọn lóúnjẹ. Mo dákẹ́. Mo ń sọ fún ara mi pé àtọ̀gbẹ ló pa Bàbá, pé ìwé mi tọ̀nà, pé ọ̀rọ̀ ẹbí máa rọ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń jẹun, mò ń sùn.

Mi ò lọ sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra yẹn. Nọ́ọ̀sì àgbà wá mi wá sí ibi ìfọṣọ, ó jókòó tì mí lórí àpótí ọṣẹ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀bi mi. Mo dúpẹ́ pé kò sọ ọ́. Ó kàn bi mí pé ta ni ẹni tó ṣì wà láàyè nínú ọ̀rọ̀ náà, pé kí ni mo lè ṣe fún un. Mo ní ìyá mi ni. Ó ní kí n má wulẹ̀ sunkún fún òun nígbà náà, kí n lọ kọ̀wé.

Bàbá Àgbà ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí. Èsì wọn dé lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn. Wọ́n bínú sí mi gidigidi. Wọ́n ní bí àwọn bá rí mi lójú, àwọn ò mọ ohun tí àwọn máa fi ọwọ́ àwọn ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn fi ẹnu àwọn sọ nípa yín ló wúwo jù lára àwọn báyìí, pé àwọn yóò kó àgbà ẹbí wá sí Àpòmù lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ láti bẹ̀ yín, kí ẹ padà sínú ilé yín. Bóyá wọ́n á ti wá kí lẹ́tà yìí tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ padà, ẹ padà. Bí ẹ kò bá fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ipá mú yín.

Ẹ̀yin ará ilé tí ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe, tàbí tí ó ń ṣe bàbá tàbí ìyá yín: mi ò tún ní í ṣe òfin oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé mi. Ẹ bi nọ́ọ̀sì tó mọ oògùn tí ẹ ń lò. Tí ohun tó sọ kò bá yé yín, ẹ tún bi í. Ẹ má fi ikùn òfìfo lo oògùn yẹn. Bí ẹ bá sì rí àgbàlagbà tí òógùn bò, tó ń gbọ̀n, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni mutí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fi ṣúgà sí i lẹ́nu, kí ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Ìyá mi, mo ti gba ìsinmi. Tí Ọlọ́run bá fẹ́, màá wà nílé kí Iléyá tó dé. Àpòmù ni màá sọ̀ sí kí n tó dé Ìkirè tí mo máa lọ sí ibojì Bàbá. Ẹ má yára dárí jì mí nítorí pé èmi lẹ bí. Bí ẹ bá ní kí n má tíì wọlé, màá jókòó sí ìta títí ẹ ó fi ní ohun tí ẹ fẹ́ sọ sí mi, màá sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹ sọ̀rọ̀ tí mi ò gbọ́.

Kí Ọlọ́run fi alùjánnà kẹ́ Bàbá wa. Kí ó gbé orúkọ yín sókè níbi tí wọ́n ti fà á sílẹ̀. Kí ó fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle, kí ojú má pọ́n yín mọ́. Ẹ bá mi kí àwọn ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bá mi kí Sìdíkátù àti ọkọ rẹ̀, ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé ní Ìkirè, àti ẹni tó gbà yín gbọ́, àti ẹni tí kò gbà yín gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣẹ̀ yín,

Múínátù